Inú Tí Àwẹ̀ró Lọ Ṣọ́

"Ohun tó bá wu ọmọ ní jíjẹ, kì í run ọmọ nínú." Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Wọ́n ń pa á fún ọmọdé tó gun igi máńgòrò tó ń jẹ èyí tí kò tíì pọ́n. Wọ́n sì ń pa á fún àgbàlagbà tó fẹ́ ohun tí gbogbo ẹbí ní kò dára. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀? Mo bi ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọn kò mọ̀. Èmi yóò sọ ọ́ fún yín bí ìyá ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi, kí ó tó lọ síbi tí a kì í ti í padà wá sọ ìtàn.

Ìlú kan wà lórí òkè nígbà àtijọ́, Ìdó-Àpáta ni orúkọ rẹ̀. Iṣu ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, iṣu ni wọ́n ń jẹ. Wọn a gún iyán ní àárọ̀, wọn a gún un ní alẹ́, kí ọ̀sán má baà bínú, wọn a fi iṣu sísun tù ú nínú. Ẹni tí kò bá jẹ iṣu lóòjọ́, lójú wọn, ebi ló sùn, ì báà yó kí ikùn rẹ̀ le bí ìlù. Nítorí náà ẹ̀rù a máa bà wọ́n bí ọmọbìnrin wọn bá fẹ́ lọ sílé ọkọ ní ìlú tí iṣu kò sí.

Ẹ̀rù yìí ló bí àṣà kan tí n kò gbọ́ pé ìlú mìíràn ní. Wọ́n gbà pé inú ènìyàn mọ ilé rẹ̀ ju ojú lọ. Bí oúnjẹ ilé ọkọ bá run ìyàwó tuntun nínú, àwọn òkú ọ̀run ilé náà ló kọ̀ ọ́ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ti tó. Wọn a dá ẹrù ìdána padà, wọn a mú ọmọ wọn lọ. Kí ọ̀rọ̀ má baà di àhesọ, wọn a yan obìnrin kan nínú ẹbí tí yóò tẹ̀ lé ìyàwó, tí yóò bá a gbé títí oṣù tuntun yóò fi lé, tí yóò máa ṣọ́ inú rẹ̀. Aṣọ́nú ni wọ́n ń pè é. Òfin kan ṣoṣo ló de aṣọ́nú: kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ àdúgbò àna kan ẹnu, àfi èyí tó bá ń hù ní Ìdó-Àpáta náà. Wọ́n ní ẹni tó ti jẹun onílé, ẹnu wo ni yóò fi dá onílé lẹ́jọ́?

Ọmọbìnrin kan wà ní Ìdó-Àpáta tó ń jẹ́ Ṣíjúwadé. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì ń rákò. Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ló gbé e sẹ́yìn tó fi rìn, òun ló kọ́ ọ ní irun dídì àti ọ̀rọ̀ sísọ. Àwẹ̀ró kò bímọ tirẹ̀. Nígbà tí Ṣíjúwadé dàgbà, ọkùnrin kan tó ń gbé ẹja gbígbẹ wá sí ọjà wọn láti ìsàlẹ̀ odò rí i, òun náà sì rí ọkùnrin náà. Akíntìmẹ́hìn ni orúkọ rẹ̀, ará Àbàtà-Ọ̀pẹ. Ẹja tí Ṣíjúwadé rà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọdún yẹn, bí ilé méjì bá jẹ ẹ́, yóò ṣẹ́kù.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan aṣọ́nú, Àwẹ̀ró dìde kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹlòmíràn.

Àbúrò rẹ̀, bàbá ìyàwó, wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ó lè ṣe é láìṣègbè?"

"Ègbè kí ni?" Àwẹ̀ró dáhùn. "Inú ni yóò sọ̀rọ̀. Èmi kàn fẹ́ lọ gbọ́ ni."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ohun tó wu Àwẹ̀ró láyé ju pé kí inú náà run lọ. Kì í ṣe pé ó kórìíra ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí ohùn kan ṣoṣo kúrò nínú rẹ̀ rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìkòkò a máa dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ níbẹ̀. Èèyàn a máa gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ ara rẹ̀.

Wọ́n di iṣu sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá fún un, kí ó lè pa òfin mọ́, òun àti Ṣíjúwadé sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àbàtà-Ọ̀pẹ. Ilé ibẹ̀ dúró lórí òpó nínú omi bí ẹyẹ tó gbé ẹsẹ̀ sókè kí ó má baà tutù. Ìyá ọkọ ìyàwó gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Arúgbó ni, ó ju Àwẹ̀ró lọ dáadáa, gbogbo abúlé kò sì ní orúkọ mìíràn fún un ju Yèyé lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró bá àna rẹ̀ lẹ́yìn ilé, tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tó gbé etí lé igi ọ̀pẹ ògùrọ̀ kan tó ti wó lulẹ̀.

"Akíntìmẹ́hìn, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Ṣé ara igi náà kò yá ni?"

"Mò ń gbọ́ wọn ni, Ìyá."

"Àwọn ta ni?"

"Ìtun ni, Ìyá. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Ẹ gbé etí lé e, ẹ ó gbọ́ wọn, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹni ń rún egungun ẹja. Bí ìró wọn bá ti ki báyìí, wọ́n ti sanra tó nìyẹn."

"Wọ́n sanra tó kí ni?"

"Tó jíjẹ ni, Ìyá."

Ó gbé àáké, ó la igi náà. Àwẹ̀ró yọjú wò ó. Inú igi náà rọ̀ bí iyán tó ti sùn mọ́jú, àwọn nǹkan funfun sì ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀, wọ́n tóbi tó àtàǹpàkò, wọ́n ń dán, orí wọn pupa rẹ́súrẹ́sú.

"Ìdin!" Àwẹ̀ró ké. "Ìdin lásán-làsàn! Ṣíjúwadé! Di ẹrù rẹ, ó yá, ká máa lọ!"

Ṣíjúwadé sáré jáde. "Ìyá, inú mi kò tíì run mí."

"Ojú tèmi ti ń run mí!"

"Wọn ò rán yín pé kí ẹ ṣọ́ ojú, Ìyá."

Akíntìmẹ́hìn yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà wọ́n gbé ìtun síwájú ìyàwó. Wọ́n ti fi iyọ̀ àti ata pa á lára, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un, wọ́n yan án lórí ẹ̀yinná títí ó fi ń yọ òróró ara rẹ̀. Yèyé ń wò, Àwẹ̀ró ń wò. Ṣíjúwadé gbé ọ̀kan. Kò wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rárá, ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò, bẹ́ẹ̀ ló sì fi í sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. Omi díẹ̀ wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ata ni wọ́n kà á sí.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti wà ní ikùn ọmọ.

"Ó ń run ọ́?"

"Rárá, Ìyá."

"Díẹ̀ ńkọ́?"

"Kò run mí díẹ̀."

"Àbí ò ń fara dà á ni?"

"Inú tí kò run èèyàn, báwo ni wọ́n ṣe ń fara dà á?"

Àwẹ̀ró a sì padà sídìí iṣu rẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́, bí ẹni tí ìròyìn ayọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin àbàtà kò mọ̀ pé iṣu Ìdó-Àpáta kì í bàjẹ́. Kò pẹ́ tí Àwẹ̀ró ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, tí iṣu sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Gbogbo rẹ̀ ló ti rà. Yèyé ní kí ó jẹ́ kí òun bá a se ẹja, ó ní òfin kò gbà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló ń hù nílé tirẹ̀ náà nínú oúnjẹ wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè ló sì ń jẹ lásán, láìsí ọbẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ. Ó rù. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, gbogbo ilé lọ sódò, ó ku òun nìkan. Àwo ìtun kan wà lórí àjà iná, tí èéfín ń yan jẹ́jẹ́. Òórùn rẹ̀ wá bá a níbi tó jókòó sí. Àwẹ̀ró gbé imú sápá òsì, òórùn náà wá láti apá òsì. Ó di ara rẹ̀ mú, ebi náà dì í mú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ro òfin náà yẹ̀ wò bí àgbà. Ó ní ẹlẹ́rìí kì í jẹ́rìí ohun tí kò mọ̀. Ó ní bí wọ́n bá bi òun ní Ìdó-Àpáta pé báwo ni oúnjẹ náà ṣe burú tó, kí ni òun yóò sọ? Nítorí ẹ̀rí nìkan ló ṣe mú ọ̀kan.

Èèpo rẹ̀ dún kẹ́ńkẹ́ lábẹ́ eyín. Ọ̀rá inú rẹ̀ sì tú sí i lẹ́nu, ó dà bí ẹyin tí wọ́n fi òróró àgbọn sè, ó dà bí ẹran, kò sì dà bí èyíkéyìí nínú wọn. Àwẹ̀ró dúró gbọọrọ. Ó mú èkejì kí ó lè mọ̀ bóyá èkíní kò tàn án. Ó mú ẹ̀kẹta nítorí pé ẹ̀rí méjì kò tó fún odindi ìlú. Nígbà tí àwọn ará ilé yóò fi dé, ẹ̀rí ti pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa.

Láti ọjọ́ náà, bí ilé bá ti dá, ó di orí àjà. Yèyé rí i pé àwo ń fà sẹ́yìn. Ó dúró láàárín ilé, ó pariwo débi tí gbogbo ilé fi gbọ́: "Ológbò ilé yìí mà mọ oúnjẹ jẹ o!" Kò sí ológbò kankan ní Àbàtà-Ọ̀pẹ, omi kò jẹ́ kí ológbò fẹ́ràn ibẹ̀. Àwẹ̀ró fi ìbínú dáhùn pé ìwà burúkú ni ológbò ń hù. Yèyé ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì tún bu ìtun mìíràn kún àwo náà. Ó fi ata díẹ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ó ti kíyè sí i pé ológbò náà fẹ́ràn ata.

Oṣù tuntun lé. Bàbá Ṣíjúwadé àti àgbà kan tó ń jẹ́ Baba Fádèyí wá láti Ìdó-Àpáta láti gbọ́ ẹ̀rí aṣọ́nú. Baba Fádèyí yìí, òfin ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Yèyé gbé ìkòkò ńlá ka iná fún àlejò, ó kó ìtun sí i, ó sì lọ pàdé wọn ní èbúté. Ó fi ìkòkò síkàáwọ́ Àwẹ̀ró. Ọ̀la ni Àwẹ̀ró yóò máa lọ sílé, ó sì mọ̀ pé òun kò ní rí irú oúnjẹ yìí mọ́ láyé. Kò dúró kí ó jinná. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó ń gbé e mì. Nígbà tí ohùn àlejò dún lójú omi, ìdajì ìkòkò ti lọ, inú èyí tó jẹ kẹ́yìn kò sì tíì jinná.

Wọ́n jókòó yíká. Wọ́n kí ara wọn tán. Inú Àwẹ̀ró mú un lọ́wọ́ kan, ó fún un bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, ó tú u sílẹ̀, ó tún fún un.

"Àwẹ̀ró," ni Baba Fádèyí wí, "o kú iṣẹ́. Inú ọmọ ńkọ́?"

"Kò run ún," Àwẹ̀ró dáhùn. Òógùn ń bọ́ ní iwájú orí rẹ̀.

"Rárá àti rárá?"

"Kò run ún rí."

Bàbá Ṣíjúwadé tẹ̀ síwájú. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń ṣe yín? Ẹ̀ ń gbọ̀n."

"Inú kò run mí o!" Àwẹ̀ró wí.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ inú rẹ̀.

Baba Fádèyí yọ obì kúrò lẹ́nu. Ó wo ìkòkò tó dín sí ìdajì, ó wo etí ètè Àwẹ̀ró tí òróró ṣì ń dán. "Èmi rò pé ọ̀rọ̀ wà níbí," ni ó wí. "Bí aṣọ́nú bá jẹ nínú oúnjẹ yìí, ó ti rú òfin, ẹ̀tẹ́ rẹ̀ sì di ti ìlú. Ṣùgbọ́n ìyẹn kéré. Ọmọ Ìdó-Àpáta ni òun náà. Inú rẹ̀, inú Ìdó-Àpáta ni. Bí oúnjẹ yìí bá ti run ún nínú, àwọn òkú ọ̀run ilé yìí ti kọ̀ wá nìyẹn. Ọmọ wa yóò tẹ̀ lé wa lọ lónìí."

Akíntìmẹ́hìn dìde, ó tún jókòó. Ṣíjúwadé ń wo ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà.

Ẹ wo bí ayé ṣe ń ṣe. Ohun tí Àwẹ̀ró gbàdúrà fún láti ìgbà tó ti dé ló wà nínú ara rẹ̀ yìí, tó ń gún un lọ́bẹ. Inú rírun tó wá wá nínú ọmọ, nínú tirẹ̀ ló bá a. Bí ó bá fi ọwọ́ kan ikùn báyìí pére, ọmọ rẹ̀ yóò bá a wọ ọkọ̀, ilé rẹ̀ yóò sì tún ní ohùn méjì. Kò tilẹ̀ ní parọ́.

Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi jókòó ṣánṣán.

"Mo jẹ ẹ́," ni ó wí. "Èmi ni ológbò. Mo ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́. Ó dùn mọ́ mi ju iyán lọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bú mi máa bú mi. Ṣùgbọ́n inú kò run mí."

"Òógùn wo ni èyí?" Baba Fádèyí bi í.

"Ata ni."

"O tẹ̀ kọdọrọ lẹ́ẹ̀kan."

"Bí mo ṣe ń jókòó nìyẹn."

Baba Fádèyí yíjú sí onílé. "Yèyé, ẹ̀yin àgbà, ẹ wo obìnrin yìí. Ṣé inú ń run ún àbí kò run ún?"

Yèyé rọra dìde. Ó lọ dúró lẹ́yìn Àwẹ̀ró, ó gbé ọwọ́ lé orí ewú rẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ń gbọ́ bí ara Àwẹ̀ró ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Baba," ni ó wí, "ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tó bá wu ọmọ ní jíjẹ, kì í run ọmọ nínú."

Ẹ̀rín gba ilé. Baba Fádèyí pàápàá rẹ́rìn-ín, nítorí ó pẹ́ tí wọ́n ti pe Àwẹ̀ró ní ọmọ kẹ́yìn. Ẹ̀rín sì ni wọ́n fi parí ẹjọ́ náà. Wọ́n gbàdúrà fún ọkọ àti ìyàwó. Yèyé fi ewé efinrin sínú omi gbígbóná, ó gbé e fún Àwẹ̀ró, ó ní òtútù àbàtà kò dára fún àlejò. Àwẹ̀ró ní òtútù náà ń mú òun díẹ̀ lóòótọ́. Ó mu ún tán, ó sì ní kí Yèyé tún bu òmíràn.

Nígbà tí wọ́n ń lọ ní ọjọ́ kejì, Ṣíjúwadé dúró ní èbúté ó ń juwọ́. Àwẹ̀ró jókòó ṣánṣán nínú ọkọ̀, ó ń juwọ́ padà, títí ọkọ̀ fi yí lọ sẹ́yìn àwọn igi ọ̀pẹ. Ìgbà náà ló tó tẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn mú, tó sì sọkún. Àbúrò rẹ̀ kò bi í bóyá inú ni. Ó kọjú síwájú, ó ń wo omi.

Ìyá ìyá mi kò lè sọ fún mi bóyá ìtìjú ló dì í lẹ́nu níwájú Baba Fádèyí, bóyá ìfẹ́ ni, bóyá kò kàn fẹ́ kí wọ́n ka ìtun léèwọ̀ fún òun. Ó ní ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà nínú inú kan pọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi dá mi lójú pé Ṣíjúwadé kò fẹ́ràn ìtun títí ó fi di arúgbó ní Àbàtà-Ọ̀pẹ. Ó ń yan án fún ọkọ, ó ń yan án fún ọmọ, bí wọ́n bá fún un ní ọ̀kan, a fi ẹja gbé e mì. Kò wù ú ní jíjẹ rí, kò sì run ún nínú rí. Ẹni tó wù ní jíjẹ gan-an ni inú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.

Bí a bá fi ikùn àwọn méjèèjì wọn òwe náà, a jẹ́ pé irọ́ funfun ni. Síbẹ̀ àwọn àgbà gbé e lọ, wọ́n sì ń pa á títí di òní. Bí wọ́n bá ti gba ẹnì kan nímọ̀ràn tí kò gbà, tó ní ohun tó wu òun nìyẹn, ìbáà ṣe ọkọ, ìbáà ṣe aya, ìbáà ṣe iṣẹ́ tàbí ìlú tó fẹ́ lọ gbé, wọn a sinmi lẹ́nu, wọn a wí pé: "Ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tó bá wu ọmọ ní jíjẹ, kì í run ọmọ nínú." Wọn kò sọ pé inú kò ní run ún. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ yàn án kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ó ń run òun.